Ibi Tí Agbe Bà Sí

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jiyàn. Ẹni mẹ́ta ló fojú ara wọn rí i lọ́sàn-án gangan, kò sì sí ohun tí wọ́n mu lọ́jọ́ náà ju omi inú ọ̀rá lọ.

Ọdún tí owó epo bẹ́ sókè tí gàrí di ohun ọ̀wọ̀ ni. Moríyọ̀, ọmọ Ìsìkàn, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, wọ kẹ̀kẹ́ dé Ọjà Ọba ní ìdájí. Ibẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Akínsànyà, ti fi mọ́tò gbé e lọ sí igbó ìjọba kan lójú ọ̀nà Oǹdó. Ẹyẹ ni wọ́n ń lọ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fàájì. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gba ìyókù igbó náà gbin ọ̀pẹ. Àwọn ará abúlé tó ń mu omi odò ibẹ̀, tí wọ́n ń ṣa ìgbín ibẹ̀ tà, ti pariwo títí ohùn wọn fi há. Ìjọba wá ní bí yunifásítì bá lè jẹ́rìí pé agbe ṣì ń gbé inú igbó náà, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Agbe. Ẹyẹ tí gbogbo wa ń fi ṣàdúrà ire, tí ọ̀pọ̀ wa kò rí rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn.

Bàbá Lawrence, ọdẹ tó ti gbé ìbọn sílẹ̀, ló ń fọ̀nà hàn wọ́n. Bó bá gbọ́ ẹyẹ, yóò dúró, yóò dárúkọ igi, yóò ka ẹ̀ka. "Àràbà yẹn. Ẹ̀ka kẹta, lápá òsì." Wọn yóò gbé awò ọ̀nà jíjìn sójú, ẹyẹ yóò sì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n títí oòrùn fi mú, wọn kò rí agbe kankan.

"Bàbá, àbí agbe yín ti jápa ni?" Dókítà béèrè.

"Ta ló máa fún wọn ní físà, sà?" ni Moríyọ̀ wí.

Bàbá Lawrence kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra. Etí wọn mú ju tiwa lọ."

Wọ́n dé etí ibi tí igbó pin sí. Atẹ́gùn dá. Ìrẹ̀ dákẹ́. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ lókè: kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi ìka kan àgbá òfìfo.

Bàbá Lawrence nawọ́. "Ìrókò yẹn. Ẹ̀ka kejì, lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ lé e dé ṣóńṣó."

Moríyọ̀ gbé awò sójú, ó tẹ̀ lé ibi tí ìka Bàbá nà sí lọ sókè. Agbe kún inú awò náà: mẹ́ta, aró lára wọn, ìrù wọn gùn. Ọ̀kan ń já nǹkan, ó ń gbé e mì. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Mo rí i!" Dókítà ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ọmọdé. "Moríyọ̀, yà á! Yà á kíá!"

Moríyọ̀ gbé awò kúrò lójú kó lè mú kámẹ́rà.

Kò sí ìrókò.

Kùkùté ló wà nílẹ̀, ó fẹ̀ bí ẹní, koríko ti hù yí i ká. Lókè rẹ̀, ojú ọ̀run lásán. Inú ojú ọ̀run yẹn ni agbe mẹ́ta jókòó sí. Wọn kò fò. Wọn kò na ìyẹ́. Ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ rìn díẹ̀, bí ẹyẹ ti í rìn lórí ẹ̀ka, ó sì tún jókòó.

"Bàbá," ni Moríyọ̀ wí.

Ọwọ́ Bàbá Lawrence ṣì wà lókè. "Wọ́n ti gé e," ó ní. "Ìṣojú mi ni wọ́n ti gé e, lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Mo gbàgbé. Mo gbàgbé pé wọ́n ti gé e."

Ara Moríyọ̀ tutù. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ibòji ni. Oòrùn ń jó gbogbo ilẹ̀ yíká, ṣùgbọ́n òjìji ewé ń mì lórí apá rẹ̀, lórí fìlà Bàbá, lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun Dókítà. Kò sí ewé. Kò sí atẹ́gùn.

Ó ya àwòrán. Nígbà tí wọ́n tún wòkè, agbe kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ìyẹ́.

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A ò rí nǹkan kan."

"Sà! A rí wọn. Àwòrán wà."

"Àwòrán ẹyẹ lójú ọ̀run. Wọn á bi mí pé orí igi wo. Orí igi wo ni kí n sọ?"

"Ìrókò," ni Bàbá Lawrence wí.

"Ìrókò dà?"

"Àwọn tó gé e kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni," ni Moríyọ̀ wí. "Àwa tí a rí ẹyẹ ló wá di dandan kí á ṣàlàyé?"

"Ọmọ mi, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ni mò ń retí. Wọn á ní orí mi ti dàrú."

Ó yíjú, ó gba ọ̀nà mọ́tò lọ. Òjìji ewé kúrò lára Moríyọ̀ àti Bàbá bí wọ́n ti bọ́ sí gbangba. Kò kúrò lẹ́yìn Dókítà. Ó ń mì lórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú oòrùn títí ó fi wọ mọ́tò.

Bàbá Lawrence fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ Moríyọ̀. "Má sọ fún un."

Moríyọ̀ kọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ sí ìjọba. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kò lè jẹ́rìí. Kí òjò tó dá, igbó ti lọ, odò abúlé ti di ẹrẹ̀. Dókítà di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó.

Ó ṣì ń kọ́ kíláàsì Moríyọ̀. Bó bá kọjú sí pátákó, òjìji ewé a máa mì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Moríyọ̀ rò pé kọ́tìnì ni. Kò sí kọ́tìnì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nǹkan ké lókè àjà kíláàsì: kọ́, kọ́, kọ́. Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lójú pátákó. Kò wòkè. Lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn dún, pẹ̀lẹ́, ó fà gùn, bí igi ńlá tó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó wó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá ìkọ̀wé rẹ̀ lọ. Moríyọ̀ kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà.