Ẹnu Olóṣèlú Lókè Irolu

Inú ẹnu olóṣèlú ni Adétúnbọ̀ ti yọ jáde.

Ọmọ́yẹni fojú ara ẹ̀ rí i. Ó ru agbọ̀n láfún tútù dé orí àpáta tí bàbá ẹ̀ máa ń sá a sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lókè Irolu, ló bá bá orí ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Orí ọ̀gbẹ́ni kan tó du ipò tí kò sì wọlé ni. Kó tó pariwo, ẹnu orí yẹn ṣí, ọ̀dọ́kùnrin kan rá jáde, ó ń họra.

"Jéésù!"

"Rárá o, Adétúnbọ̀ ni. Ìyàwó mi, ẹ káàárọ̀."

"Ìyàwó ta? Ẹni tí olóṣèlú gbé mì, tó tún bì síta, òun ló fẹ́ fẹ́ mi?"

Báńà ìbò àtijọ́ ló fi pàgọ́, ó wá gé ẹnu ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe ilẹ̀kùn. Onígbàjámọ̀ ni láti Ibido, ní Ṣàgámù. Àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ológeere máa gba Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á wá gun òkè Irolu. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ wọn ti máa ń wúwo, téèyàn á lè rí ojú wọn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí òǹwòran fi pàgọ́ kún ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń fi ẹfun kọ orúkọ eléré sójú ọ̀dà. Kàbírù, ọ̀rẹ́ Adétúnbọ̀ láti kékeré, wà lára àwọn eléré tó ń bọ̀. Odindi ọdún kan ni Adétúnbọ̀ ti ń retí àtirí i.

"Ta ló kọ́lé síbi tí mò ń sá oúnjẹ sí?" Bàbá Ògúnṣínà, bàbá Ọmọ́yẹni, ló dé yẹn.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo rò pé àpáta lásán ni."

"Àpáta lásán! Bàbá mi sá láfún síbẹ̀, bàbá tiẹ̀ náà sá a síbẹ̀. Gbé olóṣèlú ẹ kúrò!"

Ó gbé e lọ sábẹ́ igi kan nítòsí. Ó wá padà wá bá Ọmọ́yẹni sá láfún. Àmọ́ irun ló mọ̀ ọ́n ṣe: ó ya ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín láfún, ó pín in sọ́tùn-ún, ó pín in sósì, ó ní ó ku kóun gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ́yẹni rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"O mọ̀ pé orí ẹ ò pé?"

"Ó pé tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo rí ẹ ló yẹ̀."

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, àgbàdo sísun kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, èyí bù ú níhìn-ín, tọ̀hún bù ú lọ́hùn-ún. Adétúnbọ̀ bá ki àyà, ó lọ bá bàbá.

"Bàbá, mo fẹ́ máa wá kí yín."

"Kí ta? Ìwọ tó wá wo kẹ̀kẹ́? Tí kẹ̀kẹ́ bá ti kọjá, ìwọ náà á kọjá. Mi ò lọ́mọ tí màá fún ẹni tó ń kọjá lọ."

Ọmọ́yẹni ò sùn dáadáa. Ojú ẹ̀ pọ́n bíi ata nígbà tílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ eré, bí mọ́tò tó ń ṣáájú ṣe ń fọn fèrè bọ̀ nísàlẹ̀ òkè, bẹ́ẹ̀ lòjò já lu ilẹ̀. Gbogbo èèyàn rọ́ sójú títì. "Kàbírù! Kàbírù!" Adétúnbọ̀ na ọrùn bí àkùkọ. Ó ku díẹ̀ kó rí i. Ló bá bojú wẹ̀yìn, ó rí Ọmọ́yẹni àti bàbá ẹ̀ tí wọ́n ń fi ìró àti agbádá bo láfún.

Ó fa àgọ́ ẹ̀ tu, ó sá lọ fi bo láfún náà. Àmọ́ ẹnu olóṣèlú ṣì là gbàgà, òjò fẹ́ gbabẹ̀ wọlé. Adétúnbọ̀ dùbúlẹ̀, ó fi ikùn dí i.

Gbogbo ohun tó rí nínú eré yẹn ò ju ẹrẹ̀ tí táyà ta sí i létí lọ.

"Túnbọ̀!" Kàbírù pariwo látorí kẹ̀kẹ́. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń fẹ́ ìyàwó!"

Òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúnṣínà dúró tì í, omi ń kán ní irùngbọ̀n ẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ ti kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ìwọ ò kọjá."

"Tí mo bá dìde báyìí, bàbá, láfún yín ti di àmàlà nìyẹn."

Bàbá fẹ́ le ojú, ẹ̀rín ò jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Sunday kan ò kọjá kí ọ̀kadà má já Adétúnbọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Á gé irun bàbá, á bá Ọmọ́yẹni sá láfún, wọ́n á sì jọ máa bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí eré kẹ̀kẹ́ tún yí po, ẹfun tán lọ́wọ́ Adétúnbọ̀ níbi tó ti ń kọ̀wé sójú títì. Bàbá Ògúnṣínà, tí kì í jẹ́ kí ẹyọ láfún kan jábọ́, bu ẹ̀kúnwọ́ méjì láfún fún un.

"Kọ ọ́ kó tóbi."

Ó kọ ọ́ gàdàgbà: ỌMỌ́YẸNI, ṢÉ WÀÁ FẸ́ MI? Ó sáré lọ pè é. Kí wọ́n tó dé, ewúrẹ́ kan ti fẹnu lá ìdajì. ỌMỌ́YẸNI, ṢÉ nìkan ló kù.

Ọmọ́yẹni wo títì, ó wo Adétúnbọ̀ tí láfún kún ọwọ́ ẹ̀, ó wo ewúrẹ́ tí ẹnu ẹ̀ funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìwo ẹ̀ mú.

"Mo gbà o," ó sọ fún ewúrẹ́. "Bá mi sọ fún un."