Búlùú Lọ́wọ́ Dammy

"Ikùn tèmi yìí? Irin ni wọ́n fi rọ ọ́! Mo ti mu omi kòtò Trade Fair láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì fi ìṣó jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gùnfẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá ṣèèṣì wọnú mi, ńṣe ló máa dọ̀bálẹ̀, á ní, 'Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ máa lọ sílé!'"

Dammy ló ń fọ́nnu báyìí nínú ilé ìdáná Àǹtí Adéwùnmí, tó ń ta oúnjẹ ní Fẹ́sítáàkì. Ẹ̀rín tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù rín lè jí gbogbo adìyẹ Alákijà lójú oorun. Ìfẹ́dayọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Sátidé ló máa ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀ yẹn gan-an ló gbọ́ tí ọkùnrin oníkùn irin yìí ń bì ní tọ́lẹ́ẹ̀tì bíi màálù tó gbé páànù mì.

"Bọ̀dá Dammy, ẹ ò ní sọ fún Àǹtí ni?" ó bi í jẹ́jẹ́.

"Kí n sọ kí ni? Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni! Ṣúgà ló fà á. Níbo lo ti rí jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ràn? Bí Àǹtí bá gbọ́, ó máa lé mi lọ sílé ni." Ó ki ègé ẹran díńdín kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Gbà, fi dí ẹnu."

Ẹran náà ń ta sánsán. Itọ́ tó kún ẹnu Ìfẹ́dayọ̀ lè kún kànga. Àmọ́ ọgọ́ta àwo sàláàdì ni Dammy ń pò, ilé-ẹ̀kọ́ Ìfẹ́dayọ̀ ni wọ́n sì ń gbé e lọ, fún àwọn tí ìdánwò àṣekágbá wọn máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Adébánjí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú wọn. Bí wọ́n bá ń bì ní Mọ́ńdè ńkọ́? Olùkọ́ wọn ti sọ pé ọwọ́ ni kòkòrò èébì máa ń gùn rìn. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni ọwọ́ kan tiẹ̀ lè dé?

Ó dá ẹran padà sínú abọ́ Dammy. Ó wá yọ́ lọ da búlùú díẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ funfun, sára ọwọ́ ilẹ̀kùn tọ́lẹ́ẹ̀tì láti inú.

Kò pẹ́ tí Dammy fi sáré wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, tó tún sáré jáde. Ó kọjá lára ẹ̀rọ omi àti ọṣẹ, ó ti ọwọ́ bọ abọ́ ìfọwọ́ tí gbogbo wọn jọ ń lò, ó gbọ̀n ọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Akínyẹmí tó ń din ẹja náà ti ọwọ́ bọ abọ́ ọ̀hún. Ẹlòmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójijì ni Àǹtí Adéwùnmí pariwo: "Ta ló ń rẹ aró nínú ilé ìdáná mi?"

Omi abọ́ ti di búlùú. Búlùú wà lára fíríìjì, ó wà lára ṣíbí, ó wà létí abọ́ sàláàdì, ó tiẹ̀ wà nímú Akínyẹmí!

"Ẹ na ọwọ́ yín!"

Dammy fi tirẹ̀ sẹ́yìn. "Àǹtí, àwọ̀ ìran wa nìyẹn! Búlùú ni wọ́n bí bàbá bàbá mi!"

Ìfẹ́dayọ̀ bọ́ síwájú. "Àǹtí, èmi ni mo fi búlùú sílẹ̀kùn. Bọ̀dá Dammy ti ń bì láti àárọ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ wọn máa dé ni."

Àǹtí wo sàláàdì, ó mí kanlẹ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù. "Ẹni tó bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kó jókòó sílé títí ọjọ́ méjì á fi kọjá lẹ́yìn tó bá ti dá. Mi ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ òótọ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la ó máa fi fọwọ́. Abọ́ àjùmọ̀lò yìí, àrùn la jọ ń pín níbẹ̀!" Ó yíjú sí Ìfẹ́dayọ̀. "Ìwọ náà, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọn kì í fi búlùú sọ ọ́. Ká ní mi ò tètè rí i ńkọ́? Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kó o wá gé kábéèjì tuntun. Ọgọ́ta àwo!"

"Àǹtí, ikùn irin tèmi…" Dammy fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ikùn irin náà dáhùn, gbruuu, bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán. Dammy ranjú. Ó fò kọjá orí bẹ́ǹṣì, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ọwọ́ búlùú méjèèjì lórí ìdí.

"Bọ̀dá Dammy," Ìfẹ́dayọ̀ ké tẹ̀lé e, "ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o!"