Ó Fi Àṣírí Ọmọ Rẹ̀ Ra Ẹ̀rín

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Ọmọ. Òun ló ń darí ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n ní òwúrọ̀ Sátidé. Ó mọ ojú yí, ó mọ ohùn yí. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ lórí àga, àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹní nínú sítúdíò á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín.

Kò dá ṣe é. Pẹ́pẹ́yẹ kan wà tí wọ́n fi aṣọ rán, orí tábìlì ló máa ń wà, wọ́n á sì jọ máa tàkúrọ̀sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń ká ara jọ sábẹ́ tábìlì náà, tó ń ti ọwọ́ bọ inú pẹ́pẹ́yẹ, tó sì ń bá a fọhùn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ yìí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n Ọmọ ló mú un wá. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ohun tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù ni ìtàn Ẹnìkan Nílé Wa. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ á fara ti tábìlì, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé o gbọ́ ohun tí Ẹnìkan Nílé Wa tún ṣe?" Ẹnìkan tọ̀ sórí ibùsùn, ó sì yí tìmùtìmù dà kí ìyá má bàa rí i. Ẹnìkan gbọ́ àrá, ó sá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rín á ta.

Ẹnìkan náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un.

Bí bàbá bá dé láti ibi iṣẹ́, á jókòó sẹ́bàá ibùsùn ọmọ, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?" Ọmọ á tú ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Tó bá di Sátidé, bàbá á tú u fún gbogbo ayé. Nígbà tí ọmọ kéré, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ẹnìkan, wọ́n ń súnmọ́ ọn láti gbóòórùn aṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́ nílé ìwé. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òun ti ń jẹun lákòókò ìsinmi, kí wọ́n má bàa rí i pé òun nìkan lòun jókòó.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí o."

"Èmi kẹ̀? Ẹnu mi ti dí."

Ní Sátidé náà, àlejò tí wọ́n ń retí lórí ètò kò yọjú. Ètò náà sì rèé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń lọ sí ilé àwọn ènìyàn. Ẹni tó ń ṣọ́ àkókò ètò dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń fa ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń fa rọ́bà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, fà á gùn, àkókò ṣì kù. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ wá ọ̀rọ̀ tì. Ó fara ti tábìlì.

"Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé o mọ ibi tí Ẹnìkan Nílé Wa ti ń jẹun nílé ìwé?"

Ọmọ àti ìyá rẹ̀ wà nílé, wọ́n ń wò ó. Ọmọ dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí bàbá dé, ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé, "O ti tà á."

"Ẹ̀rín lásán ni, jàre. Ṣé mo dárúkọ ẹ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá bi ọmọ pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: "Kò sí nǹkan kan, sà." Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ń dàgbà, ọ̀rọ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ìtàn ilé gbẹ, ẹ̀rín sì ń ṣòroó wá. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí sínú ife tíì kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ abẹ́ tábìlì nìkan ló fi inú hàn fún. Ọ̀rẹ́ náà fi í sínú, ó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ń wá ojú tuntun, ó lọ bá wọn, ó sọ ohun tó wà nínú ife. Wọ́n lé Ẹ̀gbọ́n Ọmọ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe olórí ètò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n Ọmọ jókòó sí pálọ̀ láti wo ètò náà. Ọmọ rẹ̀, tó ti di ọ̀dọ́bìnrin, ń ká aṣọ gbígbẹ nítòsí. Ọ̀rẹ́ náà, olóòtú tuntun, fara ti tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ, tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, lanu.

"Ẹnìkan wà níbí tẹ́lẹ̀ tí tíì rẹ̀ máa ń rùn."

"Ó ń rùn bíi kí ni?"

"Ó ń rùn bí ilé ọtí!"

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Ọmọbìnrin náà gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ pa tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ má wò ó mọ́, sà," ló wí. "Téèyàn bá ń wò ó, kì í tán bọ̀rọ̀." Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ó yẹ kí ọkàn ọkùnrin yìí fọ́ lọ́jọ́ náà. Ńṣe ló le. Ó rántí ohun kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà èwe, tí ìyàwó ọ̀rẹ́ náà gan-an kò mọ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Ó gbà láti lọ. Kó tó lọ, ó yà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó jẹ́ onígbàgbọ́.

"Rédíò lò ń lọ, o wá ń gẹrun," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ta ló fẹ́ rí orí ẹ?"

"Gẹ̀ ẹ́ ṣá. Mo fẹ́ tú àṣírí ẹnì kan lónìí."

"Ta ló sọ àṣírí náà fún ẹ?"

"Òun fúnra ẹ̀."

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ dúró lórí rẹ̀. "Nígbà tó ń sọ ọ́, kí ló pè ẹ́?"

"Ọ̀rẹ́." Ó wo onígbàjámọ̀ nínú dígí. "Ọ̀rẹ́ náà ló tà mí. Ó yẹ kí Jésù tí ò ń wàásù rẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣe mí."

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó fẹnu kò ó lẹ́nu ló tà á. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì wẹ ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ẹ́. Ìwọ àti Jésù kọ́ lẹ wà ní ìhà kan náà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni. Mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni."

"Kí lo wá gbà lórí ẹ̀?"

"Ẹ̀rín," ló wí.

"Júdásì tiẹ̀ gba fàdákà."

Onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, àwọn méjì ló já Jésù kulẹ̀. Ọ̀kan gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ sídìí okùn. Pétérù sunkún, kò sá fún Olúwa nígbà tó padà wá a wá. Kò sí ọ̀nà kẹta."

Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pa ọmọdé lẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, aṣọ ìgẹrun lọ́rùn, ìdajì orí ní gígẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàrin irun tó wà nílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó sì bẹ Jésù pé kó gba òun. Jésù gbà á.

Nígbà tó fẹ́ dìde lọ, onígbàjámọ̀ fà á lọ́wọ́. "Jókòó kí n parí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbàlà kò ní kí o máa gbé irú orí yìí káàkiri."

Kò lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò mọ́. Ilé ló lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí.

"Dádì, ẹ dìde."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ ná. O bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́, mo ṣèlérí, mo sì tà ọ́. Mi ò ní àwáwí."

"Mo ti gbọ́, sà." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá o rò pé ńṣe ló máa dì mọ́ bàbá rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọlọ́run dárí jì í lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọtí sílẹ̀, ó ń gbàdúrà, kò sì tún bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ń dúró ni. Nígbà tí a fẹ́ kọ ìtàn yìí, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ kọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo sọ ọ́." Àṣírí ọ̀rẹ́ tó da bàbá rẹ̀ ni a kò kọ, torí a kò mọ̀ ọ́n. Bàbá náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ ńkọ́? O mọ orúkọ ẹni tó dà ọ́, o sì ń kà á lójoojúmọ́. Ta ni ìwọ náà dà? Ìyàwó tó fọkàn tán ọ ni? Ọmọ tó sọ̀rọ̀ sí ọ létí ni? Àbí Jésù fúnra rẹ̀, tó ti ń kan ilẹ̀kùn ọkàn rẹ láti ọjọ́ yìí, tí o ń fi ṣàwàdà?

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹni tí a kò tíì bẹ̀ lè ṣáájú wa lọ. Ẹ̀bẹ̀ tí a bá gbé lọ sí ibojì, koríko nìkan ní í gbọ́ ọ.

Gbé ìwé yìí sílẹ̀ kí o kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ fún Jésù ohun tí o tà, àti ohun tí o gbà lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó láti wẹ̀ ọ́. Bí o bá dìde, lọ kan ilẹ̀kùn ẹni náà nígbà tó ṣì wà nínú ilé.