Ìṣubú Tí Wọ́n Fi Pamọ́

"Ìlú wo la wà yìí?"

Ìgbà kejì nìyẹn tí Kò-wẹ̀yìn béèrè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán. Tínrín gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá kékeré náà, kẹ̀kẹ́ méjì fara ti ògiri, aṣọ ìdíje tí wọ́n sá sójú fèrèsé kò sì tíì gbẹ.

"Ìlú tá a ti máa díje lọ́la ni. Mo ti sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ẹ wò ni." Kò-wẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bojú nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé.

Ilé ìwé gírámà kan náà ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti jáde, kẹ̀kẹ́ ló sì gbé wọn dé òkè òkun, nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gba owó oṣù. Wọ́n á sùn sí yàrá àlejò, wọ́n á díje, wọ́n á di ẹrù sínú ọkọ̀, ó di ìlú mìíràn. Torí pé Kò-wẹ̀yìn kì í bojú wẹ̀yìn lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tínrín ní tirẹ̀ rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan.

Ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan jáde lọ gun kẹ̀kẹ́, táyà Kò-wẹ̀yìn yọ̀ nínú omi, ó sì fi orí gbá etí títì. Akoto orí rẹ̀ là. Ó dìde, ó gbọnra, ó ju akoto náà sínú garawa ìdọ̀tí lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ ọ.

"Jẹ́ ká sọ fún Kóòṣì," ni Tínrín wí.

"Kí wọ́n lè yọ mí? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tó ń ṣa ọmọ sí ẹgbẹ́ ńlá ń bọ̀ lọ́la. Bí wọn ò bá rí mi, ilé ni mò ń lọ yẹn, ojú wo ni màá sì fi wo bàbá mi tó ti ròyìn mi ká gbogbo àdúgbò?" Ó di ọwọ́ Tínrín mú. "Bó o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi lóòótọ́, o ò rí nǹkan kan."

Tínrín gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí màmá rẹ̀ pè é nírọ̀lẹ́, ó fọgbọ́n béèrè: "Màmá, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ bá òun pa àṣírí kan mọ́ ńkọ́, tí àṣírí náà sì ń bà yín lẹ́rù?"

"Ìyẹn kì í ṣe àṣírí mọ́, ewu ni," ni màmá rẹ̀ wí. "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Ta ló ń jẹ kòkòrò lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó gbéra, Tínrín lọ bá Kóòṣì. Ó la ẹnu. Ó rí i pé Kò-wẹ̀yìn ń wo òun.

"Kí ló dé?" ni Kóòṣì béèrè.

"Mo... mo fẹ́ gba omi sí i ni, sà."

Nígbà tí wọ́n máa fi dé òkè ńlá tó kẹ́yìn, àwọn méjèèjì wà lára àwọn márùn-ún tó ṣáájú. Tínrín kò ṣe dáadáa tó báyìí rí, síbẹ̀ ẹ̀yìn Kò-wẹ̀yìn ló ń wò, kì í ṣe ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ségesège. Kò-wẹ̀yìn mu omi, ó ju ike rẹ̀ nù, kò pẹ́ ó tún ń fọwọ́ wá a. Tínrín sún mọ́ ọn. Kò-wẹ̀yìn yíjú sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

"Ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé ìwé?"

Òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún kọ́nà ló kàn, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń sáré bíi mọ́tò, ọ̀gbun sì wà lápá ọ̀tún. Ó gbá ẹ̀yìn aṣọ Kò-wẹ̀yìn mú, ó ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ méjèèjì fi dúró sínú koríko. Àwọn mẹ́ta yòókù bá tiwọn lọ.

"Fi mí sílẹ̀, ọ̀dàlẹ̀," ni Kò-wẹ̀yìn wí. "Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú."

Tínrín kò fi í sílẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sókè títí ọkọ̀ Kóòṣì fi dé.

"Ó ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, sà. Ó forí gbálẹ̀. Mo mọ̀, mi ò sọ."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí rẹ̀. Ká ní ó tún ṣubú ni, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Kóòṣì wá jókòó ti Tínrín lórí bẹ́ǹṣì.

"O gbà á là lónìí," ó wí, "ṣùgbọ́n ó yẹ kó o ti gbà á là ṣáájú òní. O ò ní bá wa díje ní ìlú tó kàn."

Tínrín yọ nọ́ńbà ìdíje kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó fi í lé Kóòṣì lọ́wọ́.

Nígbà tí ara Kò-wẹ̀yìn yá, wọ́n dá a padà sílé. Kò dágbére fún Tínrín. Tínrín pè é títí, kò gbé e. Láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀dì kejì ń ṣófo.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí Tínrín ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, fóònù rẹ̀ dún.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," ni Kò-wẹ̀yìn wí.

"Mo mọ̀."

"Dókítà ibí yìí yẹ orí mi wò lánàá. Ó ní ẹni tó dá mi dúró lórí òkè yẹn ló jẹ́ kí n wà láàyè tí mo fi ń bínú."

Tínrín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Kì í ṣe gbogbo àṣírí ọ̀rẹ́ ló yẹ ká bá a bò. Èyí tó bá lè gbẹ̀mí rẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ fún àgbàlagbà, kódà bó máa bínú. Ọ̀rẹ́ tó ń bínú ṣì lè padà wá bá ni rẹ́. Èyí tó bá kú kò lè bínú, kò sì lè dárí jini.