Orúkọ Àkọ́kọ́ Tí Rose Jẹ́

Bàtà ọkùnrin náà kò ní eruku. Ohun tó yẹ kó kọ́ Mọ́ṣádé lọ́gbọ́n nìyẹn, nítorí ọyẹ́ mú ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo ẹsẹ̀ tó ń wọlé ló pọ́n fún erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ni Mọ́ṣádé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ìwé ńlá àti bírò dání, ìjọba ni lójú tirẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Orúkọ la wá kọ, fún káàdì ìdánimọ̀."

Ó kọ orúkọ Gilbert, baálé ilé. Ó kọ ti Mọ́ṣádé. Ó kọ ti Rose, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ẹni ogún ọdún tó ń yarun nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Orúkọ tí Rose kọ́kọ́ jẹ́ ńkọ́?"

Ọmọ mẹ́ta ló ti sin ṣáájú Rose. Bánjókòó ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, àmọ́ nígbà tí gìrì fẹ́ gbé òun náà lọ, ìyá àgbà gbé e sá lọ sí Ibefun, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ti àkọ́kọ́ mọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run má baà rí i. Rose fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

"A kì í purọ́ fún ìjọba o, mà," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Irọ́ kẹ̀? Mọ́ṣádé tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́! Ó sọ orúkọ náà sí i létí. Ẹyin kúkú ni ohùn. Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó pa ìwé dé, ó lọ. Kò tilẹ̀ béèrè ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí Gilbert fi wọlé, Mọ́ṣádé sì sọ fún un pé wọ́n ti wá kọ orúkọ.

"Ta ló kọ orúkọ? Kánsù ni mo ti ń bọ̀ yìí. Wọ́n ní ó di Mọ́ńdè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwa la ó sì lọ bá wọn."

"Mo gbé, Bàbá Rose! Mo ti fọ̀nà ilé han àwọn ẹgbẹ́ ọmọ wa!"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ohùn àwọn ọmọdé fi dún lẹ́yìn ilé, ilé tí kò sí ọmọdé kankan nítòsí rẹ̀.

"Bánjókòó! Bánjókòó o!"

Mọ́ṣádé sáré wọ yàrá kó lè fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Mo ń bọ̀ o!" Rose ti dá wọn lóhùn. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n ti ń wá mi látọjọ́ yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.