Ọmọ Lésì?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó dín iná rẹ̀ kù, torí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi etí kan gbọ́. Mowe ló ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò kan tí mo mọ̀ dáadáa, kò sì tíì pẹ́ rárá.

Ẹ mọ bí Mowe ṣe rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin ti jáde, obìnrin ti jáde, gbogbo wọn ti dà sójú títì márosẹ̀, ó di Èkó. Tó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án, àdúgbò á ti dákẹ́ bí ilé ìwé tí wọ́n ti gba ìsinmi. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù kò ju ilé tuntun, géètì tuntun, ajá díẹ̀, àtàwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn kó wá láti ìlú.

Màmá Ayọ̀níkẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà yẹn. Ibogun ni wọ́n ti wá, lọ́nà Ifo lọ́hùn-ún. Adébánjí, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló lọ mú wọn wá nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíwùnmí, jẹ́ olùkọ́ ní Ibafo. Ọmọ kan ṣoṣo ni tọkọtaya náà ní, Jọmílójú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń sùn, inú àwo ìyá àgbà ló ti ń jẹ ẹran.

Màmá fẹ́ràn kí wọ́n gbé àga síwájú géètì. Ẹni tó bá ń kọjá, tó ní, "Ẹ kú ilé o," Màmá á ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Ṣùgbọ́n ìkíni Màmá kì í parí síbẹ̀. Wọ́n á tún bi onítọ̀hún pé, "Ọmọ lésì?" Bí wọ́n ṣe ń sọ "ọmọ ta ni" ní ìlú wọn nìyẹn. "Ọmọ lésì? Níbo lo ti ń bọ̀? Lésì lo wá bá?" Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Màmá ò jẹ́ fo ẹnikẹ́ni. Ní Ibogun, ẹni tí wọn ò bá bi bẹ́ẹ̀, á rò pé wọ́n ń bá òun bínú ni.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ẹjọ́. Lọ́jọ́ kan, Màmá dá Ọ̀gbẹ́ni Bólúwadúró, alága àdúgbò, dúró pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun rẹ̀.

"Ọmọ lésì?"

"Màmá, èmi ni alága àdúgbò yìí!"

"Mo gbọ́. Alága náà, ṣebí wọ́n bí i ni."

Alága gbé ẹjọ́ náà lọ fún Adébánjí, Adébánjí fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tó ba nǹkan jẹ́ ni ti ìyàwó pásítọ̀. Ó wá kí Ìbíwùnmí pẹ̀lú Bíbélì lábíyá àti àpò ńlá lọ́wọ́. Màmá ní, "Ọmọ lésì? Kí ló wà nínú àpò yẹn?" Ojú ti Ìbíwùnmí débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọn kì í bi èèyàn bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n á máa pè wá ní ará oko."

"Ṣé ará oko kọ́ ni mí ni?"

"Màmá!"

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á dìde. "Ó dáa, ìyàwó mi. Màá máa kí wọn, màá sì pa ẹnu mọ́."

Bí ìkíni Màmá ṣe di ìdajì nìyẹn.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Adébánjí gbé iná sólà sílé. Inú Ìbíwùnmí dùn. Ó ya àwòrán bátìrì méjèèjì, ó ya tẹlifíṣàn ńlá tó ń tàn nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, ó gbé e sórí Fesibúùkù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ bá ìdílé Adébánjí yọ̀ o! A ti bọ́ lọ́wọ́ iná ìjọba ní Mowe!" Ó dárúkọ òpópónà wọn pẹ̀lú. Èèyàn púpọ̀ bá a yọ̀. Àwọn kan tí kò mọ̀ rí náà bá a yọ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró síwájú géètì. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ aláwọ̀ kan náà. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Màmá wa!"

"Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi."

Ìbéèrè náà dé ètè Màmá. Wọ́n gbé e mì.

"Màmá, Bọ̀dá Adébánjí ló rán wa wá. Wọ́n ní bátìrì sólà yẹn kò gbé iná dúró mọ́. Ká gbé e lọ tún ṣe, ká dá a padà lọ́la."

"Adébánjí ò sọ fún mi."

"Ẹ mọ bí iṣẹ́ Èkó ṣe rí, Mà. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n fún yín."

Ọkùnrin náà tẹ fóònù ara rẹ̀, ó gbé e sí Màmá létí. Ariwo ọkọ̀ kún inú rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan ń pariwo láti inú ariwo yẹn pé, "Màmá mi! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e o! Mo wà ní mítìǹgì!" Ẹni tó pe Màmá ní màmá òun, tó sì mọ̀ nípa bátìrì, ta ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe Adébánjí? Màmá ṣí géètì. Kódà, wọ́n bu omi tútù fún wọn, nítorí oòrùn mú lọ́jọ́ náà.

Jamilah, tó ń ta gáàsì ìdáná lódìkejì, ń wo gbogbo rẹ̀. Ó rí Màmá tó ń fún wọn lómi, ó gbà pé ẹbí ni. Ó juwọ́ sí wọn. Àwọn náà juwọ́ padà.

Wọ́n gbé bátìrì méjèèjì. Wọ́n gbé ìnfátà, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ bátìrì náà. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká Ìbíwùnmí. Nígbà tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣàn, Màmá béèrè pé kí ni tẹlifíṣàn ṣe. Wọ́n ní bátìrì ló kó àìsàn ràn án.

Jọmílójú ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí òun àti màmá rẹ̀ dé láti ilé ìwé. "Màmá àgbà, tẹlifíṣàn wa dà?"

"Àwọn tí bàbá rẹ rán wá ló gbé e lọ."

Ìbíwùnmí pe ọkọ rẹ̀. Adébánjí ní òun ò rán ẹnikẹ́ni. Ìbíwùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbùà.

Nígbà tí Adébánjí dé láti Èkó, gbogbo wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìnsìpẹ́kítọ̀ Ládi ló gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, obìnrin tí kì í pariwo. Ó gbọ́ tán, ó mi orí.

"Ìkíni ni wọ́n fi wọlé, wọn ò fọ́ nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o. Nọ́ńbà tí àlejò bá tẹ̀, ẹni àlejò ló máa gbé e. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pè. Bí onítọ̀hún ò bá gbé e, kí àlejò padà lọ, kó wá lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bátìrì yẹn síbì kan?"

"Rárá, Mà," ni Adébánjí sọ.

"Àwòrán rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwòrán wà," ni Ìbíwùnmí sọ. "Ó wà lórí Fesibúùkù."

Ládi wò ó, kò bá a wí. Ó kàn fi kún un pé, "Bí ẹ bá sì mú ẹnikẹ́ni tí ẹ fura sí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pè wá."

Nígbà tí wọ́n délé, inú ń bí Adébánjí. "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń bi gbogbo ayé! Ẹ bi alága, ẹ bi ìyàwó pásítọ̀, ẹ ò wá bi olè?"

Màmá wo Ìbíwùnmí fìrí, wọ́n sì gbójú kúrò. "Mo gbàgbé ni, ọmọ mi."

Ìbíwùnmí mọ̀ pé wọn ò gbàgbé. Ó lọ gbé oúnjẹ Jọmílójú kaná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. "Ní Sátidé, kí o dá mi padà sí Ibogun. Ilé tí mo jókòó tì tí olè fi kó o, kí ni mo tún ń ṣe níbẹ̀?" Adébánjí bẹ Màmá, Màmá ò gbà. Jọmílójú sunkún títí, nígbà tí ẹkún ò ṣiṣẹ́, ó lọ gbé bàtà Màmá ẹsẹ̀ kan pamọ́.

Sátidé pé. Báàgì Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wá bàtà káàkiri, ni ariwo bá sọ níta. "Wọ́n tún ti dé o! Olè bátìrì o!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká ló dúró sí ẹnu géètì kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ kú ilé o". Ohun tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sátidé ni, gbogbo ọkùnrin wà nílé, inú gbogbo wọn ló sì ń bí wọn láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó dìde, alága ti di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Adébánjí gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀ láti kọ̀rọ̀.

Màmá Ayọ̀níkẹ́ jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Orúnkún tó ń dùn wọ́n kò dùn wọ́n mọ́. Wọ́n la àárín àwọn ọkùnrin yẹn kọjá, wọ́n dúró síwájú ọmọ náà.

"Ọmọ lésì?"

Adébánjí sọ ọwọ́ tó tún gbé sókè kalẹ̀.

"Afọlábí ni mí, Mà. Ọmọ Bàbá Táíyé, télọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agbado." Ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Láti ilé, Mà."

"Lésì lo wá bá?"

"Ìyàwó alága àdúgbò, Mà. Wọ́n ní pọ́ǹpù omi wọn ò fà mọ́. Mi ò mọ ilé wọn, mo fẹ́ béèrè ni."

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gbẹ́ni Bólúwadúró, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọmọ náà.

"Irọ́ ló ń pa!"

"Pe ìyàwó rẹ," ni Màmá sọ. "Nọ́ńbà tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀."

Alága pè é, ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ohùn ìyàwó rẹ̀ jáde kedere: "Bàbá Tolúwalọpẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí oníṣẹ́ pọ́ǹpù kan níta, Afọlábí lorúkọ rẹ̀, ẹ júwe ilé fún un."

Ọwọ́ alága já bọ́. Ẹni tó ń yí táyà yí i padà síbi tó ti gbé e, kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n gbé Afọlábí lọ sílé ìwòsàn. Etí tí Adébánjí gbá kò tíì gbọ́rọ̀ dáadáa títí di òní. Ìnsìpẹ́kítọ̀ Ládi pe alága àti Adébánjí, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ẹjọ́ náà sì wà lọ́rùn wọn. "Ẹ̀yin tí mo gba ẹ̀sùn lẹ́nu yín lọ́sẹ̀ yìí náà," ni Ládi sọ fún Adébánjí. "Ṣé mi ò ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni?" Àwọn méjèèjì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Táíyé ní Agbado. Ọkùnrin náà ò gbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. Ó ní, "Ẹ bá mi kí ìyá yẹn. Nínú gbogbo yín, àwọn nìkan ló béèrè bóyá ọmọ mi ní bàbá."

Adébánjí kó ọ̀rọ̀ yẹn délé. Bí Ìbíwùnmí ṣe gbọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ fún Màmá lójú ọkọ rẹ̀.

"Èmi ni mo gba ìbéèrè yẹn lẹ́nu yín, Màmá. Mo tún jẹ́ kí ẹ parọ́ nítorí mi."

"Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin méjèèjì ẹ̀ bá jà. Tẹlifíṣàn ṣeé rà, ìyàwó mi."

"Ẹ má lọ mọ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Ṣé bàtà mi pé ni?"

Jọmílójú sáré lọ sí kíṣìnnì, ó fa bàtà yọ lẹ́yìn àpò ìrẹsì. "Ṣé ẹ ò lọ mọ́ lóòótọ́? Tí ẹ bá fẹ́ lọ, màá tún lọ gbé e pamọ́."

Bátìrì ò padà wá. Tẹlifíṣàn ò padà wá. Ṣùgbọ́n ní òpópónà yẹn báyìí, ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fóònù àwọn ilé tó kù, nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá sì wà lára ògiri gbogbo kíṣìnnì. Kò sẹ́ni tó ń gbé ohun ìní rẹ̀ sórí Fesibúùkù mọ́.

Ẹ̀yin ará Mowe, ará Ibafo, ará Magboro àti Ifo, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ògiri tí ẹ mọ ga dáadáa, mo rí i. Ṣé ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ máa kí àlejò, kí ẹ sì bi í léèrè, kí ẹ fúnra yín pe ẹni tó bá dárúkọ. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa ẹnu àwọn àgbàlagbà tó ń bá yín ṣọ́lé. Ẹni tí ẹ bá sì fura sí, ọlọ́pàá ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́. Ọmọ ẹnì kan ni.

Jamilah onígáàsì ló sọ ìtàn yìí fún mi. Mo lọ rọ gáàsì lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o," kò sì na ọwọ́ gba sìlíńdà mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ lésì?"

Mo dáhùn. Ìgbà yẹn ló tó gbé àga fún mi.