Àdírẹ́ẹ̀sì Kọ̀ǹpútà Mi, Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹlòmíràn

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹsàn-án rèé. Bí mo bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tán, mo máa ń tẹ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, yóò sì gba inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, èsì kankan kò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹnu mi ni wọ́n ń wò.

Ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀gá àgbà ti ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ rọ́ lu kọ̀ǹpútà ńlá wa títí ó fi dákú," ó ní. "Àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà yín ló wà lórí gbogbo wọn."

"Èmi kẹ̀, sà? Èmi tí mi ò mọ̀ ju kí n tẹ èsì lọ?"

"Àdírẹ́ẹ̀sì kì í parọ́. Ẹ wá fojú kan ìgbìmọ̀ ní aago méjì ọ̀la. Tí ẹ ò bá ní àlàyé, a ó dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé kí n yáa pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́, kí wọ́n má baà rí nǹkan kan mú. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnì tó máa ṣe é nígbà tí fóònù mi dún. Ọkọ mi, káfíńtà, tí mo ti ké sí, ti sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Eyínfúnjowó ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi yìí. Iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ló ń ṣe, èmi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ wáyà ni.

"Ìyàwó wa, ẹ má fọwọ́ kàn án o!" ó pariwo lórí fóònù. "Tí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ̀rí yín lẹ pa rẹ́ yẹn. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ó dé lóòótọ́. Kí aago méjì tó lù, ó ti yẹ kọ̀ǹpútà mi wò, ó sì ti gba ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ó mú àpò lẹ́tà kan lórí tábìlì.

"Ohunkóhun tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá," ó ní, "wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í ní ìdì ìdì. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní àkọlé bíi ti lẹ́tà, àkọlé náà sì pín sí àyè àyè bíi fọ́ọ̀mù. Àyè kan ń sọ bí ìdì náà ti gùn tó. Òmíràn ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to àwọn wẹ́wẹ́ náà pọ̀ padà. Ọ̀kan wà fún ibi tó ń lọ, ọ̀kan fún ibi tó ti wá."

"Ibi tó ti wá yẹn gan-an la rí," ni ọ̀gá wí.

"Ta ló ń kọ ọ́ síbẹ̀, sà?"

Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé.

"Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni," Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Oríta tí ìdì náà bá gbà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún un, ibi tó ń lọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tì í síwájú. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè ibi tó ti wá. Tí mo bá kọ orúkọ yín sẹ́yìn lẹ́tà, tí mo fi bú èèyàn, ṣé ẹ̀yin lẹ bú u?"

Akọ̀wé gbé ojú sókè. "Àyè kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àròpọ̀ fún àyẹ̀wò. Ó pé pérépéré lórí gbogbo wọn."

"Bóyá àkọlé bàjẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn ń sọ, sà. Tí èèyàn bá to irọ́ dáadáa, àròpọ̀ irọ́ náà á pé." Ó wá fi ìka kan àyè mìíràn. "Ẹ wo èyí. Ẹni tó ń ránṣẹ́ á kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀, oríta kọ̀ọ̀kan á yọ ọ̀kan kúrò. Tó bá di òdo, wọ́n á ju ìdì náà nù, kó má baà máa rìn kiri títí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni kọ̀ǹpútà ìyàwó wa máa ń kọ. Kò sì sí oríta kankan láàárín òun àti kọ̀ǹpútà ńlá yín. Èsì ọjọ́ Fúráìdé, mélòó ló gbé dé?"

Akọ̀wé wò ó. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Ti Mọ́ńdè ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé, ó tún ṣí i. "Mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Oríta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣé láti yàrá kejì síbí náà ni? Mi ò ní tan yín o, ọ̀daràn lè kọ nọ́ńbà tó wù ú síbẹ̀ náà. Ìyẹn ni mo ṣe wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹnubodè nẹ́tíwọọ̀kì yín. Láti ìta ni gbogbo wọn ti wọlé."

Ọ̀gá bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó dìde. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Níta, mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Eyínfúnjowó. Ó fà mí dìde. "Ẹ dìde jàre. Iṣẹ́ wáyà ni mo kàn ṣe."

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n kọ ìtàn mi jáde nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní iléeṣẹ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú nẹ́tíwọọ̀kì yín pé ìdì tó bá ti ìta wá, tó wá ń jẹ́ orúkọ ẹni inú ilé, kí wọ́n dá a padà lẹ́nubodè. Iṣẹ́ kékeré ni, èyí tí wọ́n ṣe níbi iṣẹ́ wa kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá fẹ̀sùn irú èyí kàn yín, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí onímọ̀ yẹ gbogbo àkọlé náà wò, kó má ṣe jẹ́ ẹyọ àyè kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọ̀gá, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi rí ẹni gbèjà mi. Ẹni tí ẹ máa pè wọlé lọ́la lè má rí.